Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú wà lára ògiri ilé oúnjẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló mú mi kọ̀wé. Ẹni tó kọ ọ́ ní inú òun kì í dùn tí òun bá rí àwòrán tí ọmọ Yorùbá fọwọ́ yà lára ògiri búkà. Ó ní mùsíọ́ọ̀mù àti gálárì ni ibi ẹ̀tọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ooru ọbẹ̀ àti ariwo oníbàárà ń bu iṣẹ́ ọnà kù, kí olóúnjẹ gbájú mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Olóúnjẹ ni èmi. Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, ni mo ti ń tà. Àmàlà, ẹ̀bà àti fùfú wà lójoojúmọ́, ìyán a máa wà ní ọjọ́ Ẹtì àti òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú yìí ló wà lára ògiri mi yíká. Wọ́n fọwọ́ ṣe gbogbo rẹ̀ ni, kò sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ nínú wọn. Mo sì fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un, mọ̀ pé bó bá jẹ́ pé olóúnjẹ àti ọlọ́tí gbájú mọ́ oúnjẹ àti ọtí wọn nìkan láyé àtijọ́, ayé ì bá má gbọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Òṣogbo.

Ilé ọtí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ló ni ilé ọtí náà, Popular Bar ni wọ́n ń pè é. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó fẹ́ràn àṣà wa, sọ ọ́ di Mbari Mbayo, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń yàwòrán, tí wọ́n sì ti ń fi àwòrán han ará ìlú. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Beier pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, J. P. Clark àti Christopher Okigbo dá ẹgbẹ́ Mbari ti Ìbàdàn sílẹ̀, ilé tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ rí, ní agbègbè Dùgbẹ̀, ni wọ́n gbà. Ẹ ò rí i pé ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni ìyá tó bí méjèèjì.

Ta ni àwọn tó wọ Mbari Mbayo lọ kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà? Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń fa epo bẹntiróòlù fún ọlọ́kọ̀. Jímọ̀ Búráímọ̀ ń bójú tó iná fún eré Dúró Ládípọ̀. Twins Seven-Seven ń jó kiri pẹ̀lú àwọn tó ń polówó oògùn. Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, Georgina Beier sì ṣe tirẹ̀ ní 1964. Àṣírù Ọlátúndé ní tirẹ̀ ti jẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó di pé ó ń lu ìtàn sára páànù alumíníọ́ọ̀mù. Bí ilé yẹn bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀ṣọ́ ń béèrè ibi tí èèyàn ti wá, mo bi yín, ṣé afepo-fọ́lọ́kọ̀ á wọlé? Búráímọ̀ náà dàgbà tán, ó wá ní hòtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ní Òṣogbo yìí, Heritage Hotel. Ó mọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíjókòó yìí gan-an ló ká mi lára. Ẹni tó bá wọ gálárì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi dúró níwájú àwòrán kan, yóò kọjá sí òmíràn. Ẹni tó bá bu àmàlà lọ́dọ̀ mi, yóò jókòó, yóò dúró de ẹran, yóò jẹun, yóò mumi, ojú rẹ̀ yóò sì wà lára ògiri ní gbogbo ìgbà tó fi ń jẹun. Awakọ̀ tírélà kan wà tó máa ń yà lọ́dọ̀ mi tó bá ń ti Ìlọrin bọ̀. Kò jókòó síbòmíràn rí àfi ibi tó ti lè kojú àwòrán àwọn obìnrin tó ń re aṣọ àdìrẹ sínú ìkòkò aró. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé obìnrin tó wà lápá òsì, bí ìyá òun ṣe máa ń ká ìró sókè tó bá ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, pé ẹni tó yà á ní láti mọ aláró dáadáa. Mo fi ẹni tó yà á hàn án. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí tí mọ́tò fi fẹ́ pẹ́ dé Èkó. Nígbà tó yá, ó ra iṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ó sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá kọjá, títí tó fi san án tán. Ọkùnrin yẹn kò wọ gálárì rí láyé rẹ̀. Ó ní tí òun bá dé ẹnu ọ̀nà irú ibẹ̀, ẹsẹ̀ òun kì í gbé e.

Mo mọ̀ pé ní Èkó, irú nǹkan yìí ti wà tipẹ́. Terra Kulture tí Bọ́láńlé Austen-Peters dá sílẹ̀ ní Victoria Island ti lé ní 20 ọdún, ibi oúnjẹ, gálárì àti ilé eré wà nínú ọgbà kan náà. Hòtẹ́ẹ̀lì Wheatbaker ní Ìkòyí náà a máa gbé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán kọ́ fún àfihàn. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó lówó lọ́wọ́ ló ń jẹun níbẹ̀ jù. Èmi ń bá àwa tó wà ní Òṣogbo, Ìkìrun, Ẹdẹ, Ìwó, Ọ̀fà àti Ṣakí sọ̀rọ̀, àwa tí awakọ̀ àti oníṣẹ́ báńkì jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ilé oúnjẹ wa.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ẹni tó kọ lẹ́tà sọ nípa ooru. Ibi iná kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó wúlò fún olóúnjẹ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwòrán orí kánfáàsì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, torí èéfín epo tó gbóná yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ni kí ẹ gbé sí ìhà ibẹ̀, àti sí tòsí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, wọ́n ṣeé nù. Àdìrẹ àti bátíìkì kò fẹ́ oòrùn. Èyí tó bá dojú kọ fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, aró rẹ̀ yóò ṣá kí ọdún tó yí po, nítorí náà mo máa ń pààrọ̀ ipò wọn. Èyí tí wọ́n yà sórí bébà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ gíláàsì. Ògiri tí òjò ń nà láti ìta a máa làágùn sínú, ẹ má gbé ohunkóhun kọ́ síbẹ̀ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, yóò hu. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ pé aṣọ gbígbẹ, rírọ̀, ni kí wọ́n fi nu férémù. Omi ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án.

Èyí tó le ju ooru lọ ni ọ̀rọ̀ òrìṣà. Mùsùlùmí ni mí, mo ti lọ sí Mẹ́kà, Alhaja ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àwòrán gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan kọ́ sí òkè tábìlì tó wà láàárín, àwọn oníbàárà kan bínú. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dìde nídìí oúnjẹ, ó ní òun kò lè jẹun lábẹ́ ère. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù mi náà ní kí n rántí ẹni tí mo jẹ́. Mi ò bá wọn jà. Mo fi wọ́n hàn ẹni tó ya àwòrán náà, ọmọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí òun rí ní ọ̀nà Kétu ni òun yà, bí gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe máa ń jó fún àwọn ìyá, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ẹni tí kò bá gbà, mo ní tábìlì mìíràn fún un, ibi tí àwòrán ẹja odò Ọ̀ṣun àti ti ọjà Ọba wà. Àwòrán gẹ̀lẹ̀dẹ́ ò kúrò níbi tó wà. Ohun tí ọwọ́ èèyàn yà sórí aṣọ, ẹnikẹ́ni kò forí balẹ̀ fún un lọ́dọ̀ mi, oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Ó sì dùn mí pé ọmọ wa lè wo àwòrán gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí fóònù tí òyìnbó bá gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá wà lára ògiri ìlú rẹ̀, wọ́n á ní kó di ojú.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí mo ń lọ gan-an, nítorí ẹ̀rù kan ń bà mí. Bí olóúnjẹ àti onílé ìtura bá ti ń rí i pé àwòrán ń fa èrò, àwọn kan máa sọ àwọn ọmọ yìí di ẹni tí ń tún ilé ẹlòmíràn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rí i. Wọ́n á ní, "Gbé iṣẹ́ rẹ wá, a ó bá ọ polówó rẹ̀." Ọmọ á kó iṣẹ́ wá. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, kò sí iye owó, kò sí nọ́ńbà. Ọdún á yí po, ọ̀dà á ti já lára kánfáàsì, wọ́n á ní kó wá kó o. Ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, ilé ìtura kan tẹ àwòrán ọmọ kan sórí kàlẹ́ńdà ọdún tuntun wọn láìbi í léèrè. Nígbà tó lọ bá wọn, wọ́n ní ara ògiri àwọn ni àwòrán náà wà, pé àwọn ló ni ín. Irọ́ ni. Kódà ká ní wọ́n ti ra àwòrán náà, kánfáàsì ni wọ́n rà, wọn ò ra ẹ̀tọ́ láti máa tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo ẹni tó yà á lórí ìyẹn. Kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti àwìn. Ayàwòrán á jẹun láwìn, oṣù á parí, kò rówó san, olóúnjẹ á ní kó gbé àwòrán kan sílẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi gbìyànjú láti gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní Saint-Paul-de-Vence, ilé oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ La Colombe d'Or, pé àwọn ayàwòrán ń fi iṣẹ́ wọn ṣe owó oúnjẹ níbẹ̀, pé iṣẹ́ Picasso àti Matisse wà lára ògiri ibẹ̀ títí dòní. Mo ní kó jọ̀wọ́ bá mi ṣírò rẹ̀: oúnjẹ mélòó lèèyàn á jẹ kó tó iye tí iṣẹ́ Picasso kan ń lọ lọ́jà báyìí? Picasso lè fi iṣẹ́ kan tọrẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tó fi gbogbo oṣù kan lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó ní Òṣogbo, tí owó gúlúù àti owó ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ti gba gbogbo ohun tó ní, ebi ló ń fipá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí olóúnjẹ ràn án lọ́wọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, àwìn wà fún ẹni tí mo mọ̀, ayàwòrán àti ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń san án. Tí kò bá sí owó, a ó dúró.

Bí a ṣe ń ṣe tiwa nìyí. A máa ń kọ ìwé. Orúkọ iṣẹ́, bó ṣe gùn tó, ohun tó fi ṣe é, iye tó fẹ́ tà á, àti fọ́tò bó ṣe wà lọ́jọ́ tó gbé e dé. Ó máa wà lára ògiri fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹlòmíràn gba àyè. Káàdì kékeré máa wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbé orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, nítorí oníbàárà tí kò bá rí iye owó, ojú á tì í láti béèrè, á ti gbà pé ó kọjá agbára òun. Tí wọ́n bá rà á, àkáǹtì ayàwòrán ni owó á lọ tààrà, òun ló máa wá fún mi ní náírà kan nínú mẹ́wàá, èyí tí mo fi ń ra férémù àti gíláàsì. Gálárì ńlá a máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n sì ní ìdí, torí iṣẹ́ wọn ni. Àmàlà ni iṣẹ́ tèmi. Tí ọbẹ̀ bá dà sí i, tàbí tí ó bá jábọ́, èmi ni mo máa san án. Ìyẹn wà nínú ìwé náà, òun ni mo sì kọ́kọ́ máa ń kà sí etí wọn.

Ṣé ó ń tà? Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, lóṣù kẹjọ, tí àwọn àlejò bá ti ìlú òkèèrè dé, ó ń tà gan-an. Ní àárín ọdún, àwòrán lè wà lára ògiri títí oṣù mẹ́ta rẹ̀ yóò fi pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Mi ò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó yà á á ti gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ láti ẹnu àwọn tí kò mọ̀ pé òun ló jókòó ti àwọn. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ibùdó Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ nnì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ láìgbowó, sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí àwọn aláta ń sọ nídìí tábìlì mi ló jẹ́ kí òun yí bí òun ṣe ń ya ọwọ́ èèyàn padà. Wọ́n ní àwọn obìnrin inú àwòrán rẹ̀ kò di ọlọ bó ṣe yẹ kí wọ́n dì í mú.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ tuntun. Ẹ máa ń lọ sí Èkó lọ ra àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀ lógúnlọ́gọ̀: ilé gogoro òyìnbó, èso àjàrà nínú abọ́, yìnyín lórí òkè. Yàrá 20, àwòrán 20, gbogbo rẹ̀ jọra. Owó tí ẹ ń ná sí férémù wúrà yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ tó wà ní ìlú yín. Ẹ lọ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà OAU ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àti aláró tó wà ní àdúgbò yín. Àwa ni a ń wo àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà, ọmọ ọba Ifẹ̀ tó jókòó tó yíjú padà yẹn, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní pálọ̀ àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ a kò mọ ibi tí ojúlówó rẹ̀ wà. Inú fúláàtì kan ní London ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú mẹ́ta tó yà, wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ojúlówó tí àwọn ọmọ tiwa ń yà lónìí wà nítòsí wa, owó rẹ̀ kò tíì kọjá agbára wa.

Ẹ̀yin Olóòtú náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ẹ ní ojú ìwé tí ẹ fi ń tẹ fọ́tò ìnáwó àti ìsìnkú. Ẹ ya igun kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún iṣẹ́ ayàwòrán kan láti ìlú kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tí èèyàn ti lè lọ wò ó, ìbáà jẹ́ búkà, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Olóúnjẹ tó bá fẹ́ rí ìwé àdéhùn tí à ń lò lè wá bá mi ní Òkè-Fìà, màá fún un ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kó má wá ní agogo kan ọ̀sán, ìgbà yẹn ni èrò pọ̀ jù. Láti agogo mẹ́rin lọ, ọwọ́ mi á ti dilẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Alhaja Ìyá Ìbejì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.